Ogun Tí Wọn Kò Pè Lógun

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kẹwàá

Dámi ọmọ mi ló ra ìwé yìí fún mi kó tó wọ bọ́ọ̀sì àwọn sójà. Ó ní, "Daddy, ohun tó bá ń dùn yín, inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sí. Ẹ má pariwo mọ́ Mọ́mì mọ́." Ọmọ yìí! Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i.

Èmi Olúsànmí, púrámárì fọ́ọ̀ ni mo kà dé, ìdajì ẹ̀ náà, etí odò ni mo sá lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ni ilé bíríkì yìí ní Laurelton? Ta ló ni ṣọ́ọ̀bù táyà tó wà ní Merrick? Fọ́gánáísà ni mí nílé, fọ́gánáísà ni mí ní New York. Àwọn tó kàwé dé òpin, tí táyà wọn bá fọ́, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ń gbé e wá?

Dámi — Sípánà ni mo ń pè é, torí kò tíì ga tó mọ́tò tó ti ń tú nọ́ọ̀tì lọ́wọ́ mi — ọkọ̀ àwọn sójà ló ń tún ṣe lójú ogun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá. Ogun tí ẹnì kan ṣoṣo jí lówùúrọ̀ tó dá sílẹ̀. Ọ̀gá Pátápátá, ẹni tó ń gbé Ilé Funfun. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ọkàn mi balẹ̀ ṣá. Joanna àbúrò Dámi, lọ́yà ni. (Táyà ló sọ ọ́ di lọ́yà, kó má gbàgbé.) Ó là á yé mi. Ìgbìmọ̀ aṣòfin ló láṣẹ láti kéde ogun. Ọ̀gá Pátápátá, balógun ni. Adájọ́ ló ń sọ ohun tí òfin wí. Bí Ọ̀gá bá kó ọmọ ogun jáde tí Ìgbìmọ̀ kò fọwọ́ sí i, ọgọ́ta ọjọ́ ni òfin fún un. Tó bá pé, kó kó wọn wálé. Mo ní, àbí o ò rí nǹkan! Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Àwọn tó tẹ ìlú yìí dó gbọ́n, orí ààrò mẹ́ta ni wọ́n gbé e kà.

Joanna ní, "Daddy, kò easy tó bẹ́ẹ̀ o." Bí ẹni tó ń jẹ iṣu gbígbóná ló ṣe ń sọ Yorùbá. Ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀ ni ọgọ́ta ọjọ́ máa pé.

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Kẹwàá

Mo sọ ọ̀rọ̀ ọgọ́ta ọjọ́ fún Luciano. Ará Puerto Rico ni, òdìkejì títì ló ń gbé, ọjọ́ orí wa kò jìnnà síra. Sójà ni nígbà kan — Vietnam. Ìkòkò irin kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹ̀, ẹ̀wọ̀n, ìṣó, ọ̀bẹ. Ògún ló ń bọ. Anglican lèmi, ṣùgbọ́n mi ò kí ń rìn gbá ìkòkò yẹn. Bàbá Irin ni mo ń pè é.

Bàbá Irin rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Sami" — orúkọ tó fún mi nìyẹn — "ogun tí mo jà, ẹnikẹ́ni ò kéde ẹ̀ títí dòní. Ẹsẹ̀ mi ló kéde ẹ̀ fún mi." Ó gbá ẹsẹ̀ òsì ẹ̀, ó dún bíi pákó àga.

Mo ní, òfin ò tíì sí nígbà yẹn.

Ó ní, "Torí tiwa ni wọ́n ṣe ṣòfin ọ̀hún. Lọ bi wọ́n léèrè iye ìgbà tó ti ṣiṣẹ́."

Onílara. Kò lọ́mọ níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n fẹ́ pa mí lónìí!

Ìdájí. Aago ilẹ̀kùn dún. Mo yọjú lójú fèrèsé — Fíkà wa, Alàgbà Johnson, Ìyá Ìjọ. Àwọn mẹ́ta, wọ́n tò, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ ohun tí irú ìyẹn jẹ́? Nílé wa, a kì í fi fóònù túfọ̀ ọmọ fún òbí. Àgbà la ń kó jọ. Ìdájí ni wọ́n ń wá. Wọ́n á jókòó, wọ́n á gba omi mu, wọ́n á sọ ti òjò, wọ́n á sọ ti ọjà, ọwọ́ ẹnì kan á ti wà léjìká rẹ kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ìyá Dámi ti wà nílẹ̀, orí àtẹ̀gùn, kò sunkún, ó kàn jókòó síbẹ̀.

Ṣé o mọ ohun tí wọ́n bá wá? Kí n ṣe alága ìkórè!

Mo ní, "Ṣé ẹ ò ní fóònù ni?"

Alàgbà Johnson ní, "Bàbá, a ní ká bọ̀wọ̀ tó yẹ yín fún yín ni. A kì í fi fóònù bẹ irú yín."

Ó tọ́. Mo gbà fún wọn. Ta ni wọ́n tún máa fi ṣe é? Ṣùgbọ́n Ìyá Dámi ò dá wọn lóhùn ìkíni títí wọ́n fi lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 31 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ rí aṣòfin wa ní ọ́fíìsì ẹ̀. Eyín Funfun — bó ṣe rí nínú fọ́tò ìbò nìyẹn, eyín ló ṣáájú ẹ̀ wọlé. Mo kó iṣu gidi márùn-ún dání. Joanna bẹ̀ mí: "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n á ní rìbá ni." Rìbá kẹ̀? Ta ló ń lọ sílé baálẹ̀ lọ́wọ́ òfo? Ṣé kó máa wò mí lọ́wọ́ ni?

Eyín Funfun ò sí ní ọ́fíìsì. Ọmọbìnrin kan ló jókòó síbẹ̀, Natalie. Nígbà tí mo tú àpò, ó fi àga sún sẹ́yìn bí ẹni tí iṣu máa bù jẹ. Ó ní kí ni èyí. Mo ní oúnjẹ ni. Ó ní òfin ò gbà wọ́n láyè láti gba nǹkan lọ́wọ́ ará ìlú. Mo ní èmi kì í ṣe ará ìlú lásán, Olúsànmí ni mí, ó lè béèrè. Mo ní kó sọ fún ọ̀gá ẹ̀ pé lọ́jọ́ Ajé ni ọgọ́ta ọjọ́ pé, kó dìde kó sọ pé ó tó. Ó ní ọ̀gá òun máa ń gbọ́ ti àwọn èèyàn ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí arúgbó tó wọ bọ́ọ̀sì tí kì í ṣe tiẹ̀.

Mo ru iṣu mi padà. Ẹni tí kò gba iṣu mi, ṣé ó máa gba ọ̀rọ̀ mi?

Ìyá Dámi ní ká gún un jẹ. Mo ní rárá. Ti Sípánà ni. Mo tò wọ́n sí gáréèjì. Kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kọkànlá

Mo sọ ọ́ létí gbogbo ìjọ: lọ́la ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá

Ó pé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kọkànlá

Àwọn lọ́yà Ọ̀gá Pátápátá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kì í ṣe ogun. Wọ́n ní òkèèrè làwa ti ń yìnbọn, ọ̀tá ò lágbára láti yìn ín padà dáadáa, ewu tó wà níbẹ̀ fún sójà wa ò tó nǹkan. Nítorí náà ọgọ́ta ọjọ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Kò ní bẹ̀rẹ̀.

Mo ní kí Joanna tún un kà. Ó tún un kà. Bákan náà ni.

Mo ti rí irú èyí rí. Táyà fọ́ yángá, awakọ̀ ní kò fọ́, ó ń wà á lọ lórí irin.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kọkànlá

Dámi pè! Ojú ẹ̀ lórí fóònù, ó ti rù, eruku lára irun. Ó ní, "Daddy, wọ́n ní kì í ṣe ogun? Kí ni mo ń sá sínú ihò fún?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn nǹkan kékeré kan tó ń ju bọ́ǹbù ń fò bíi ẹ̀fọn, tí wọ́n bá ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀ báyìí, kálukú á wábi forí pamọ́ sí. Ó ní òun di ihò mẹ́ta lára táyà ọkọ̀ ńlá kan bí mo ṣe kọ́ òun, ọ̀gá wọn ní níbo ló ti kọ́ iṣẹ́. Mo ní, kí lo sọ? Ó ní, "Mo ní bàbá mi ni yunifásítì tí mo lọ."

Mo dojú fóònù dé díẹ̀ kó má rí ojú mi.

Joanna ti ròyìn iṣu fún un. "Daddy! Ẹ gbé yam lọ bá Congressman!" Ó rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan níbẹ̀ fi ní kó rọra. Ó ní kí n má sọ ti ẹ̀fọn fún Mọ́mì. Mi ò sọ. Ìyá Dámi dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní gbogbo àkókò yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kọkànlá

Ìgbìmọ̀ dìbò! Ilé méjèèjì! Wọ́n ní kó kó wọn wálé! Eyín Funfun dìbò rárá — mo mọ̀ ọ́n — ṣùgbọ́n ó kọjá láìsí òun. Kí ni mo sọ? Ààrò mẹ́ta! Mo ré títì kọjá lọ sọ fún Bàbá Irin. Ó ń gbá ewé. Ó ní, "Sami, dúró ná." Mo ní èmi ò dúró, ṣe ni mo ń jó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kọkànlá

Ọ̀gá Pátápátá dá a padà. Kò fọwọ́ sí i.

Mo ní, ọwọ́ ẹ̀ la fẹ́ dè, ọwọ́ ẹ̀ náà ló tún máa fi fọwọ́ sí i? Joanna ní bẹ́ẹ̀ ni, àfi tí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn bá tún dìbò lé e lórí. Ó ń fi ọwọ́ pa iwájú orí bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ní ta ló ṣe irú òfin báyìí. Ó ní, "Àwọn ọlọ́gbọ́n yín yẹn náà ni, Daddy."

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kọkànlá

Ìbò ò pé. Eyín Funfun tún ní rárá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kọkànlá

Adájọ́ ló kù. Joanna mú mi lọ sílé ẹjọ́ ní Manhattan. Àwọn òbí sójà kan ló pẹjọ́, a wà lára wọn. Mo wọ agbádá sányán mi, kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ ẹnì kan ló wà níbẹ̀.

Adájọ́ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bíi dókítà. Ó ní ọ̀rọ̀ àárín Ọ̀gá àti Ìgbìmọ̀ ni, òun ò ní bá wọn dá sí i. Bí Ìgbìmọ̀ ò bá fẹ́ ogun, kí wọ́n má fowó sí i. Ní tàwa òbí, ó ní nǹkan kan ò tíì ṣẹlẹ̀ sí wa tí òun lè dájọ́ lé lórí.

Mo dìde. Mo ní, "Ṣé kí n padà wá tó bá ti ṣẹlẹ̀?" Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, mi ò mọ̀gbà tó jáde. Ọlọ́pàá ibẹ̀ ní, "Sir, sit down." Adájọ́ béèrè ohun tí mo wí. Joanna wò mí. Kò túmọ̀ ẹ̀.

Nínú tréènì, mo ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ìgbìmọ̀ ní Ọ̀gá ni. Ọ̀gá ní kì í ṣe ogun. Adájọ́ ní kì í ṣe òun. Ààrò mẹ́ta, kálukú ń ju ìkòkò sórí ẹnì kejì.

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kọkànlá

Thanksgiving. Bàbá Irin gbé ìrẹsì wá, ó jókòó, kò fi mí ṣẹ̀sín. Ì bá fi mí ṣẹ̀sín.

Mo dé gáréèjì. Iṣu ti hù. Mo ṣẹ́ ọmọ ẹ̀ dànù, mo tún un tò.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Oṣù Kọkànlá

Dámi ò pè.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kejìlá

Kò pè. Joanna ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Rédíò ní nǹkan kan bú nídìí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń tún ṣe. Wọ́n pè é ní ìjàǹbá.

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Kejìlá

Mọ́tò dúdú kan. Sójà méjì sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin kan, obìnrin kan, aṣọ wọn gún régé. Ọ̀sán gangan. Obìnrin yẹn ò ju Dámi lọ.

Wọ́n tẹ aago. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n pe orúkọ mi, wọ́n fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Wọ́n ní ṣé àwọn lè wọlé. Mo ní rárá. Mo ní níbi tí mo ti wá, ọmọdé kì í jíṣẹ́ fún irú mi ní ìdúró, lójú ọ̀nà. Mo ní kí wọ́n lọ kó àwọn àgbà mi wá. Fíkà. Alàgbà Johnson. Ìyá Ìjọ. Mo ka orúkọ wọn fún wọn. Mo ní ìdájí ni wọ́n ń wá.

Ọkùnrin yẹn ní, "Sir, òfin wa ní láti ẹnu wa sí etí yín ni." Mo ní èmi náà ní òfin. Mo ní kó má lanu. Mo ní bó bá lanu mi ò gbọ́. Mo fọwọ́ di etí — èmi, Olúsànmí, alága ìkórè.

Wọ́n padà sínú mọ́tò. Wọ́n ò lọ. Wọ́n wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, ìdí fèrèsé ni mo jókòó sí.

Ohun tí a kò bá pè, kò tíì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá Pátápátá lè wí i, gbogbo ayé sì gbà fún un. Ilé mi nìyí. Èmi ni Ọ̀gá Pátápátá ibí. Nǹkan kan ò tíì ṣẹlẹ̀ sí wa. Adájọ́ gan-an sọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Irin ti jáde síta. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, ó ṣí fìlà, ó ń wo fèrèsé mi.

Ìyá Dámi wà níbi iṣẹ́, ilé àwọn arúgbó tó ti ń tọ́jú wọn. Mo ti pè é kó sùn sọ́dọ̀ Joanna lónìí. Kò gbé e. Mo tún pè. Kò gbé e.

Bọ́ọ̀sì Q5 dúró ní igun. Ìyá Dámi ń sọ̀ kalẹ̀, báàgì ẹ̀ wà léjìká. Ó ti rí mọ́tò náà.

Àwọn sójà ti ń ṣílẹ̀kùn mọ́tò. Ọmọdé ni wọ́n, ẹsẹ̀ wọn yá ju tèmi lọ.