Òógùn Ọkọ Mi Ló Ń Jẹ Fèrè, Ọmọ Ọlọ́mọ Ni Wọ́n Ń Bá Wí

Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yin ará. Mo mọ ohun tó ń ba fèrè ṣọ́ọ̀ṣì wa jẹ́, mo sì pa ẹnu mọ́, torí pé ọkọ mi ni.

Sokoto la ń gbé, irun ni mò ń ṣe ní Sama Road. Ọkọ mi ni olórí ẹgbẹ́ afunfèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá níbí, Captain ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Bó ṣe máa ń ṣe ni pé kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, á gba trumpet lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, á fọn ọ́n títí táá fi gbóná, á tẹ́tí sí ohùn rẹ̀ kó tó dá a padà. Ó ní bí ọ̀gá tó kọ́ òun ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ọkọ mi yìí sì máa ń làágùn... ẹ mọ ooru Sokoto, ṣùgbọ́n tiẹ̀ tún yàtọ̀. Aago kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dípẹtà. Òrùka ìgbéyàwó wa dúdú, a pààrọ̀ rẹ̀, tuntun náà tún ti ń dúdú. Mo tiẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀, màá ní iyọ̀ ni ìyá rẹ̀ fi wẹ̀ ẹ́.

Àwọn trumpet àtijọ́ ti ṣí tipẹ́, kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí; wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí tuntun kan dé. Tóyìn ni wọ́n gbé e fún, ọmọ Ìlọrin kan tó ń ránṣọ ní Tudun Wada, ọmọ jẹ́jẹ́, òun ló sì mọ̀ ọ́n fọn jù nínú wọn. Kò pẹ́ tí ara trumpet yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí níbi tí wọ́n ti ń dì í mú, àmì pupa wínníwínní yọ síbẹ̀, ibòmíì di àwọ̀ ewé, valve tí wọ́n ń tẹ̀ lórí rẹ̀ náà ń há. Ọkọ mi wò ó, ó sọ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ pé ohun Ọlọ́run kì í bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, pé kí Tóyìn lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Haba! Bó ṣe di pé ọmọ náà ní ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ nìyẹn o. Ó ti gbààwẹ̀, wọ́n ti da òróró sí i lọ́wọ́, àmì ò lọ. Ní báyìí, ìyá ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ ti gbọ́, obìnrin yẹn sì ní kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ ìdána dúró ná.

Ohun tó wá là mí lójú ni pé nígbà tí Tóyìn lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Ìlọrin, ilé wa ni trumpet yẹn wà. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án àfi ọkọ mi tó ń fọn ọ́n nírọ̀lẹ́. Mo sì rí i tí àmì pupa yẹn ń fẹ̀ sí i. Mo wá a lórí fóònù, wọ́n ní òógùn àwọn kan le ju ti ẹlòmíì lọ, itọ́ wọn náà, pé ó máa ń jẹ idẹ. Kì í ṣe àrùn, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí ara wọn ṣe rí ni. Kí wọ́n ṣáà máa nù ún dáadáa, kí wọ́n sì máa wọ ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀wọ́ lásán, tí wọ́n ń tà rẹpẹtẹ ní ọjà Babbar Kasuwa!

Ẹ máa ní kí ló dé tí mi ò sọ ọ́? Ọkọ mi ti fẹnu ara rẹ̀ sọ irú ènìyàn tí fèrè ń bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí mo bá ní òun ni, kí ni wọ́n máa wá pè é? Mo dọ́gbọ́n ní kó máa wọ ìbọ̀wọ́, ó ní àbí ọwọ́ òun dọ̀tí ni, ó sì bá mi yodì. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o, ó fẹ́ràn ẹgbẹ́ yẹn ju ara rẹ̀ lọ... ṣùgbọ́n ó ti sú mi láti máa bò ó. Sunday tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ gba trumpet lọ́wọ́ Tóyìn níwájú ìjọ, èmi tí mo jẹ́ ìyá ẹgbẹ́ ni wọ́n sì ní kí n dúró tì í.

Lánàá Tóyìn wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò wá ṣe irun. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi, ó ní Mummy, ẹ bá mi wò ó, kí lẹ rí níbẹ̀? Mo dì wọ́n mú. Wọ́n gbẹ, ojú abẹ́rẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Mo sì ní kó lọ máa gbàdúrà. Èmi tí mo mọ̀! Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ. Ẹ dákun, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, ọkọ mi ni àbí pásítọ̀? Àbí kí n kúkú sọ ọ́ síta lọ́jọ́ Sunday náà? Tí mo bá sọ ọ́, ṣé ilé ọkọ á ṣì gbà mí? Tí mi ò bá sọ ọ́ ńkọ́, ojú wo ni màá fi máa wo ọmọ yẹn?