Ìdí Tí Fìlà Mi Fi Wà Lórí Kámẹ́rà

Namwon, ní erékùṣù Jeju,
Ìparí oṣù kejì.

Hyo-rim, ọmọ mi,

Èmi bàbá rẹ, Ko Taek-hyon, ni mo ń kọ̀wé yìí, èmi kan ṣoṣo ní gbogbo Jeju tí igi ọsàn máa ń na ewé sí bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń nawọ́ sí ìyá rẹ̀. Látọjọ́ tí mo ti ń fín omi ajílẹ̀ sára ewé, kò tíì sí ewé kan tó kúrò níwájú mi láìdúpẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀jọ̀gbọ́n méje wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti òdìkejì òkun, wọ́n jókòó sórí garawa nínú ilé ọ̀rá tí a kọ́ bo igi ọsàn wa kí wọ́n lè kọ́ bí mo ṣe ń fín in, èyí tó dàgbà jù láàárín wọn sì sunkún.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé o ń jẹun kánú? Ṣé òtútù Seoul ò tíì gé ọ létí jẹ? Kí ilẹ̀ oníyìnyín má yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, kí ọ̀gá rẹ máa rí ọ kí inú rẹ̀ máa dùn, kí ìwọ náà máa rí i kí orí má fọ́ ọ. Tí o bá bèèrè wa, ara le, àfi orúnkún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ajá wa náà sì ti gbọ́ ohùn rẹ̀ débi pé ó máa ń dìde lọ wo ẹnu ọ̀nà.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ bi mí. O fẹ́ bi mí pé kí ló ṣe kámẹ́rà tí o gbé kọ́ sí òpó ilé ọ̀rá, tí o fi ń wò wá láti Seoul, tó fi dúdú. Mo ń bọ̀ níbẹ̀. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù nítorí pé fóònù àti kámẹ́rà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ohun tí èkínní bá gbọ́, èkejì á ti mọ̀ ọ́n.

Fóònù náà kò burú o. O ní kí n máa gbé e sí ewé kó lè sọ ohun tó ń ṣe ewé. Mo kọ́kọ́ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ ara mi, kí n lè mọ̀ bóyá olóòótọ́ ni. Ó ní ewé yìí ti gbó, èròjà irin ò tó lára rẹ̀, kí n má retí èso púpọ̀ lọ́dún yìí. Mi ò bá a jiyàn. Ọbẹ̀ ewéko òkun ni mo ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́ látìgbà náà, àtẹ́lẹwọ́ mi sì ti ń dán díẹ̀díẹ̀.

Ti kámẹ́rà ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ojú rẹ ló wà níbẹ̀. Aṣọ ìgbàlejò ni mo máa ń wọ̀ kí n tó wọ ilé ọ̀rá, ẹnì kan kì í wọ ṣòkòtò alábùlẹ̀ lọ kí ọmọ rẹ̀ láàárọ̀. Mo máa ń tẹríba fún ọ díẹ̀, mo sì máa ń sọ ohun tí mo jẹ. Ìyá Bu aládùúgbò wa, tó ṣì ń mòòkùn nínú òkun láti kó ìgbín òkun pẹ̀lú gbogbo ọjọ́ orí rẹ̀, bá mi lẹ́nu rẹ̀. Ó dúró, ó gbé àpò ìgbín rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Taek-hyon, ṣé òpó yẹn ti dá ọ lóhùn, àbí ó ṣì ń rò ó?"

Ó dáa, mo ti dé ibẹ̀.

O mọ̀ pé tí a bá ti já ọsàn tán, ó máa ń rẹ àwọn igi bí ìyá ìkókó, ilẹ̀ á tutù, gbòǹgbò á sùn, ohun tí o bá dà sídìí wọn kò ní gòkè. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé oúnjẹ lọ bá ewé. A ó po yúríà, ajílẹ̀ funfun oníhóró yẹn, mọ́ omi nínú táǹkì, a ó rò ó títí kò ní sí hóró kan nísàlẹ̀, a ó wá fín in láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, lábẹ́ ewé gan-an, nítorí abẹ́ ni ẹnu wọn wà. Mo mọ gbogbo èyí. Kò sóhun tí mi ò mọ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú ilé wa, kò sẹ́ni tó ń gbé ṣíbí kí àgbà tó gbé tirẹ̀. Bàbá mi fi ṣíbí gbá àbúrò mi lórí nítorí èyí, àmì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ta ni àgbà nínú ilé ọ̀rá wa? Igi ìyá rẹ ni, èyí tó wà lópin ilé, tí ìyá rẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ́ ẹ̀ka rẹ̀ mọ́ ìdí igi mìíràn nígbà tí eyín wàrà ṣì wà lẹ́nu rẹ, tí a ń gbé èso rẹ̀ sórí tábìlì tí a fi ń ṣe ìrántí ìyá rẹ lọ́dọọdún látìgbà tó ti fi wá sílẹ̀. Ṣé àwọn ọmọ igi ẹnu ọ̀nà ni kó kọ́kọ́ jẹun kí ìyẹn máa wò? Ojú tì mí láti jẹ́ kó dúró. Bí mo ṣe da yúríà sínú omi báyìí, n kò rò ó, mo fa rọ́bà tí a fi ń fín omi kọjá lára gbogbo àwọn àbúrò, mo lọ bu ti àgbà fún àgbà.

Rọ́bà yẹn, ìsàlẹ̀ táǹkì ló ti ń mu omi. Ìsàlẹ̀ náà ni yúríà jókòó sí. Àgbà jẹ gbogbo iyọ̀ inú ìkòkò, àwọn ọmọdé mu omi lásán.

Kò pẹ́ tí etí ewé rẹ̀ fi pọ́n bí ewéko òkun tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já. Mo bu ewé tútù lára àwọn àbúrò rẹ̀, mo fi okùn so wọ́n mọ́ ọn lára kí o má bàa rí i. Ìgbà tí mo rí i pé okùn náà ń dán nínú ìmọ́lẹ̀, mo bọ́ fìlà mi, mo fi dé kámẹ́rà.

Hyo-rim, tí ewé rẹ̀ bá tán nísinsìnyí, kò ní yọ òdòdó. Tí kò bá yọ òdòdó, kí la ó gbé síwájú ìyá rẹ nígbà òtútù tó ń bọ̀? Ọsàn ọjà? Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á ní ọmọ ta nìyí.

Ìyá Bu ló tú àṣírí. Ó wo igi, ó wo fìlà, ó ní, "Ìwọ tí o ní kí àgbà kọ́kọ́ jẹun, ṣé o bi àgbà bóyá ebi ń pa á?" Ó lọ mú ọmọbìnrin kan wá láti ọ́fíìsì àwọn àgbẹ̀. Ọmọ náà bá mi wí tìtì-tìtì, tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀. Ó ní kí n fi omi lásán ṣan ewé tó kù, kí n ta aṣọ bò ó lọ́sàn-án, kí n má fún un ní nǹkan kan mọ́, kí n dúró. Ó ní, "Bàbá, igi kì í bínú pé wọn ò tètè bu oúnjẹ fún òun. Ẹ kọ́kọ́ rò ó." Mo ti fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ igi yẹn, mo ti ṣan ewé kọ̀ọ̀kan, òkè àti abẹ́, omi sì ti wọ̀ mí létí.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra fìlà, nítorí pé èyí tí mo ní wà lẹ́nu iṣẹ́, oòrùn sì ń bá orí mi ṣeré. Bí o bá fẹ́, má fi ránṣẹ́, gbé e wá fúnra rẹ nígbà tí ọsàn bá ń yọ òdòdó.

Ọ̀nà rẹ á máa tẹ́jú. Ohun tí o bá fọwọ́ gbìn kò ní gbẹ mọ́ ọ lójú. Ẹnu rẹ kò ní jìnnà sí oúnjẹ gbígbóná, ìyá rẹ á sì máa wo ẹ̀yìn rẹ níbi tí ojú mi kò dé.

Lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, màá ti ṣí fìlà kúrò lójú kámẹ́rà. Wo ẹ̀ka ìsàlẹ̀, lápá òsì. Ewé tútù kékeré kan ti yọ níbẹ̀. Kò sí okùn nídìí rẹ̀.

Ní ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, wọn ò pé méje. Ọmọbìnrin ọ́fíìsì yẹn nìkan ni, bọ́ọ̀sì ló wọ̀ wá, kò sì wá kọ́ nǹkan kan. Èmi ni mo jókòó sórí garawa. Ẹkún yẹn nìkan ni mi ò fi irọ́ kún.

Bàbá rẹ.