Alága Kò Bú Mi Mọ́

Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kọkànlá
Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí. Ó rí bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti sọ ọwọ́ ọ̀tún di àlejò lára mi. Mo ti kúrò ní ọsíbítù, ẹnu mi ti padà, ẹsẹ̀ náà ń bọ̀. Alága ló kù — ìyàwó mi. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú, kò bú mi mọ́. "Ẹ rọra." "Ẹ pẹ̀lẹ́." Lánàá mo pe ọbẹ̀ rẹ̀ ní omi ìfọwọ́ — ó ní òun á fi iyọ̀ sí i. Obìnrin tó ti ń bú mi láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Àfi bí ẹni pé mo ti kú, wọn ò tíì sọ fún mi ni.

Ẹtì, ọjọ́ keje
Nọ́ọ̀sì tó ń wá na ọwọ́ mi — Sájẹ́ńtì ni mo ń pè é — gbé búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà wá. Ó ní kí n máa ya àwòrán kí ọwọ́ ọ̀tún lè jí. Mo ní ilé ni mo kùn jẹun, n kò ya ènìyàn rí. Ó ní, "Bàbá, ẹ kùn ún bí ilé nígbà náà."
Mo fi funfun kun bébà látòkè délẹ̀. Ó dé, ó ń wá àwòrán. Mo ní ìpele àkọ́kọ́ nìyẹn, kó jẹ́ kó gbẹ.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Mo ya Alága. Ọwọ́ gbọ̀n, ìmú rẹ̀ gùn dé àgbọ̀n. Mo fi hàn án, mo ń retí ogun. Ó ní, "Ó dára gan-an." Irọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá
Mo rò pé ìmú náà ń fẹ́ ìpele kejì. Ọwọ́ akunlé — kí n tó ṣẹ́jú, búrọ́ọ̀ṣì ti lọ láti etí bébà kan dé èkejì, mo ti kun Alága mọ́ ògiri. Mo fi hàn án. "Kò burú. Ẹ sinmi díẹ̀." Mo pa á rẹ́ pátápátá, kò burú. Oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún
Ọmọ wa obìnrin wá. Mo bi í léèrè ohun tó dé tí ìyá rẹ̀ kò bú mi mọ́. Ó ní ẹ̀rù ló ń ba ìyá òun: nítorí búrọ́ọ̀ṣì tútù tí mo fi sórí àga rẹ̀ ló ṣe ń bú mi nígbà tí mo ṣubú. Ìyá rẹ̀ gbà pé èébú òun ló fà á.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kì í ṣe ẹ̀rín nìkan.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ya ohun tí mo kọ́kọ́ rí nígbà tí mo lajú ní ọsíbítù: Alága lórí àga, oorun ti gbé e lọ, ẹnu ṣí sílẹ̀ gbàgà, bàtà mi kan lórí itan rẹ̀. Kò sí ìpele kejì.
Mo dìde, mo gbé e fún un. Mo ní, "Bí mo ṣe rí ẹnu yẹn, mo mọ̀ pé n kò tíì dé ọ̀run."
Ó wò ó pẹ́.
"Ìmú mi ló rí bí ìgbákọ yìí? Èmi ni mo lanu bí ẹni tó fẹ́ gbé odò mì? Alákoràn àgbà. Ẹ sì tún ti fi búrọ́ọ̀ṣì tútù sórí àga mi."
Ló bá fọwọ́ bo ẹnu. Ó ń wo ẹsẹ̀ mi.
Mo ṣì wà lórí ìdúró. Mo ní kó máa bá a lọ.
Ó bá a lọ títí ilẹ̀ fi ṣú.