Ọ̀bẹ Dúdú Inú Ìbọ̀sẹ̀ Mi

Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́,
Dingwall.
Ọjọ́ kejì, oṣù Kejìlá.

Màmá àgbà mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Mo mọ̀ pé òtútù ti wọ erékùṣù wa báyìí. Ṣé orúnkún yín kò dà yín láàmú púpọ̀? Ṣé afẹ́fẹ́ kò tíì ṣí páànù ilé àwọn àgùntàn? Èmi wà lálàáfíà, ara mi le, inú mi sì dùn. Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ẹ kò tíì rí irú rẹ̀ nínú lẹ́tà mi láti ìgbà tí mo ti dé ibí.

Mo rántí ohun tí mo kọ sí yín lóṣù tó kọjá, pé bí mo bá wálé fún Kérésìmesì, n kò ní padà síbí mọ́. Òótọ́ ọkàn mi ni nígbà náà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti mọra láti kékeré. Èmi nìkan ni mo wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Bí wọ́n bá ń ṣẹ̀fẹ̀, kí n tó rí èsì fún wọn, wọ́n á ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo kàn máa ń wò wọ́n ni. Mo mọ̀ pé Fearchar, aláwàdà inú wọn, máa ń fọwọ́ nu imú kó tó purọ́. Mo mọ̀ pé Ọ̀gá Urquhart, tó ń kọ́ wa níṣẹ́ ọ̀bẹ, máa ń kun orin sínú bí iṣẹ́ ẹnìkan bá wù wọ́n. Wọn kò tíì kùn ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi rí.

Iṣẹ́ wa ní sáà yìí ni ọ̀bẹ dúdú, irú èyí tí bàbá àgbà máa ń kì bọ ìbọ̀sẹ̀ bí wọ́n bá ró kíìtì wọn mọ́dìí. Igi dúdú tí ẹ hú nígbà tí ẹ ń gé eèpẹ̀ ìdáná lábàtà, tí ẹ là sí méjì, tí ẹ fún mi ní ìlàjì, òun ni mo fi ṣe èèkù rẹ̀. Irin rẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu. Mo rọ ọ́, mo pọ́n ọn, mo fi ayùn ṣe eyín wẹ́wẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Èèkù ni mo bà jẹ́. Mo fín in bí ẹni hun apẹ̀rẹ̀, ó lẹ́wà débi pé mo ń yọ́ wò ó. Ṣùgbọ́n igi náà kò tíì gbẹ tán, mo kánjú, mo gbé e sún mọ́ iná àgbẹ̀dẹ. Ó là láti òkè dé ìdí.

Igi mìíràn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ti yín ni mo fẹ́. Mo gé ìwo àgbò tẹ́ẹ́rẹ́, mo sì fi dí ojú ibi tó là. Ó wá dà bí àpá funfun lára nǹkan dúdú. Fearchar wò ó, ó ní, "Torcuil, ta ló gún ọ̀bẹ rẹ lọ́bẹ?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò kun orin.

Lọ́jọ́ Andrew Mímọ́, ọ̀gá pè wá wá jẹun nílé wọn, kí oníkálukú wọ kíìtì, kó sì mú ọ̀bẹ tó ṣe dání. Mo wọ ti bàbá àgbà. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, mo bá fi ọ̀bẹ mi pamọ́ sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì, lẹ́bàá abíyá. Ìyá ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ wa ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó wo ojú wa.

"Ìwọ ọmọ yìí, ọ̀bẹ tìẹ dà?"

"Ó wà lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì mi, mà."

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí ohun tí ẹ kọ́ mi: láti ayébáyé, ẹni tó bá wọ ilé ọ̀rẹ́ máa ń yọ ọ̀bẹ kúrò lábíyá, á kì í bọ ìbọ̀sẹ̀, kí onílé lè rí i pé inú òun mọ́. Èmi wá wọ ilé ọ̀gá mi bí ọ̀tá! Mo sáré fa ọ̀bẹ náà yọ.

Màmá ní, "Ó dáa. Ta lo fẹ́ kọ́kọ́ pa nínú wa? Bó bá jẹ́ Fearchar ni, jọ̀ọ́, jẹ́ kó jẹun ná."

Fearchar dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, Màmá! Mo ti fi ọ̀bẹ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rí!" Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Màmá gba ọ̀bẹ náà, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ojú ìwo àgbò yẹn, tó yọ sókè díẹ̀. "Igi àbàtà nìyí. Ọwọ́ mi kò sì yọ̀ lórí rẹ̀." Wọ́n fi gé wàràkàṣì, ó gé e féléfélé. Wọ́n ní kí Fearchar mú tirẹ̀ wá, èyí tó fi òkúta yẹ́lò tó ń dán sí lórí. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, wàràkàṣì fọ́ yángá. Màmá ní, "Tìẹ ń bẹ wàràkàṣì ni, kò gé e."

Ọ̀bẹ mi ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí a fi jẹun tán. Ẹni tó bá mú un á bi mí ní ìbéèrè, èmi náà á dáhùn. Mo tiẹ̀ sọ ìtàn àgbò yín tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì lásìkò ìwàásù, wọn kò sì jẹ́ kí n parí rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a ń fọ abọ́, ọ̀gá nu ọ̀bẹ náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn kì í bọ ìbọ̀sẹ̀ mi. Wọ́n ń kun orin. Kò dún sókè, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

Nítorí náà, Màmá àgbà, mò ń bọ̀ fún Kérésìmesì, ṣùgbọ́n màá padà síbí lóṣù Kìíní. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ wo ẹsẹ̀ mi kí ẹ tó wo ojú mi.

Kí Ọlọ́run fún orúnkún yín lókun, kí iná má kú nínú ilé yín, kí òkun sì rọlẹ̀ lọ́jọ́ tí màá wá bá yín.

Èmi ni ọmọ-ọmọ yín, tó ń fojú sọ́nà láti rí yín,

Torcuil.

Àfikún: Ìlàjì igi tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi dáná o. Ẹ gbé e jìnnà síná, kó rọra gbẹ. Mo ti ṣèlérí rẹ̀ fún Fearchar.