Ọ́nárébù Tí Kò Gbé Àpótí

Màámi, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Ara mi le koko bí ọta.

Èmi ọmọ yín ti di ọ́nárébù o! Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, mi ò gbé àpótí ìbò. Lẹ́nu àwọn òyìnbó ibí, ẹni tí kì í purọ́ nítorí oúnjẹ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀: ọmọlúàbí tiwa gan-an ni.

Ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ṣubú lórí àtẹ̀gùn tó ti kán. Ọ̀gá wa ní kí n sọ fún àwọn ọmọ wọn pé òòyì ló kọ́ ìyá náà. Mo ní ẹnu tèmi kọ́. Mo sọ òótọ́. Ìyá di ọwọ́ mi mú: "Ọ́nárébù ni ẹ́." Orí mi wú!

Mò ń sinmi dáadáa báyìí. Ẹ má pe fóònù ibiṣẹ́ mọ́, ilé ni mò ń wà láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ ní ọ́nárébù wọn rántí ọmọ ẹni tí òun ń ṣe.