Gàárì Kẹ̀kẹ́ Tí Mi Ò Jẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Fọwọ́ Kàn

Bàámi àtàtà,

Mo ra kẹ̀kẹ́ tuntun. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹlòmíì má baà gbé e dé etí yín kí n tó rójú ṣàlàyé. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti wà nílé. Aláwọ̀ ewé ni, kẹ̀kẹ́ obìnrin tí kò ní irin gbọọrọ láàárín, tí èèyàn lè gùn láì ká ìró dé itan. Iye tí mo rà á, mi ò ní sọ ọ́, torí mo mọ̀ yín, ẹ lè dìde jókòó níbi tí ẹ sùn sí.

Mo mọ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bi mí. Kẹ̀kẹ́ tiyín ńkọ́? Ṣé kò yí mọ́ ni? Ó ń yí, Bàámi. Ìyá wa náà bi mí bẹ́ẹ̀, wọn ò sì fi ẹnu jẹ́jẹ́ bi mí. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́, wọ́n ní, "Kẹ̀kẹ́ tí bàbá rẹ gùn títí ọlọ́jọ́ fi dé, òun lo wá sọ di àlòkù?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, torí pé ohun tí mo ti ń bi ara mi láti bí ọdún kan nìyẹn. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí sí yín nìyí. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi.

Ẹ ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pín ogún yín. Lẹ́yìn fídáù ogójì ọjọ́ ni. Àwọn ọkùnrin mú oko, wọ́n mú ìbọn, wọ́n mú yàrá tó kọjú sí ọ̀nà. Nígbà tó kàn mí, mo ní kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́. Bùrọ̀dá Ràfíù rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. Àmọ́ mo nílò rẹ̀ lóòótọ́. Ilé ìwòsàn Òkèhò ti gbà mí síṣẹ́ nígbà náà, pé kí n máa lọ láti abà dé abà, kí n máa kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ sẹ́ omi odò kí wọ́n tó mu ún, kí sòbìà má baà mú wọn. Ẹ ò rí nǹkan! Èmi tí sòbìà fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ilé fún ọdún mẹ́ta ni mo wá ń lé e kiri lórí kẹ̀kẹ́ bàbá mi.

Ẹ mọ bó ṣe rí nílé wa. Ọmọ kì í jókòó lórí àga bàbá. Ibi tí bàbá bá gbé bàtà rẹ̀ sí la ti ń bá a. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ náà. Ibi tí ẹ fi gàárì rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni ara yín gbẹ̀yìn sí, mo sì pinnu pé ibẹ̀ ló máa wà. Gbogbo àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe Òkèhò ló mọ̀ mí mọ́ ọn: ẹ lẹ táyà, ẹ da epo sí ṣéènì, ẹ pààrọ̀ bíréèkì, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan gàárì. Lọ́jọ́ kan Bùrọ̀dá Ràfíù mú sípánà, wọ́n fẹ́ gbé e sókè díẹ̀ fún mi. Mo ké mọ́ wọn bíi pé sàréè yín ni wọ́n fẹ́ gbẹ́. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún odidi ọjọ́ méjì.

Orúnkún mi ló jìyà rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ bí mi ní gíga yìí. Tí mo bá jókòó sórí gàárì yẹn, tí mo bá ń wa kẹ̀kẹ́, orúnkún mi a máa gòkè dé ibi ọmú. Ọdún àkọ́kọ́, mo fara dà á. Ọdún kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí para lálaalẹ́. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹfà, mo ń sọ̀ kalẹ̀ tì í ju bí mo ṣe ń gùn ún lọ. Mo rántí ẹ̀yin náà ní ìrọ̀lẹ́, lórí ẹní níwájú ilé, tí ẹ na ẹsẹ̀ méjèèjì, tí Ìyá wa ń fi òrí ra orúnkún fún yín. Ẹ máa ń ní ebè tí ẹ kọ ló fà á. Èmi náà bá ń sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé àjogúnbá ni.

Ọ̀gá wa ní ilé ìwòsàn kò gbà á gbọ́. Ó ní tó bá ń lọ báyìí, òun á fi mí sídìí tábìlì, kí n máa kọ káàdì. Ẹ̀rù bà mí, Bàámi. Mọ́tò kan ò lè dé àwọn abà yẹn. Bí mi ò bá lọ, kò sẹ́ni tó máa lọ. Ọmọdé mélòó ló máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí mo ṣe kọ́kọ́ jókòó, tí á máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń lọ sí ilé ìwé? Síbẹ̀, bí mo bá ti ronú kẹ̀kẹ́ tuntun, ṣe ló máa ń dà bíi pé mo fẹ́ lé yín jáde nílé.

Nọ́ọ̀sì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ fún mi pé ọkùnrin kan wà ní Ṣakí tó ń wọn èèyàn fún kẹ̀kẹ́. Mo rò pé ó ń bá mi ṣàwàdà ni. Wọ́n ń wọn èèyàn fún aṣọ, wọ́n ń wọn èèyàn fún bàtà, ta ni í wọn èèyàn fún kẹ̀kẹ́? Ṣùgbọ́n nígbà tó di pé mi ò lè forí kanlẹ̀ kírun mọ́, mo ní kí wọ́n bá mi so kẹ̀kẹ́ yín mọ́ orí bọ́ọ̀sì, ó di Ṣakí.

Bàbá Wàsíù ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, kò ju ẹgbẹ́ mi lọ. Kùtọnu ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ àwọn tó ń sáré ìje ṣe. Aránṣọ ni Ìyá Wàsíù ìyàwó rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n ń lò, ẹ̀rọ ìránṣọ lápá kan, kẹ̀kẹ́ lápá kejì, téèpù kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń lò. Kò bi mí irú èyí tí mo fẹ́ rà. Ó ní kí n gun kẹ̀kẹ́ yín yí ojúde ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo orúnkún mi, ó ń wo èjìká mi. Ojú tì mí díẹ̀.

Kò fọwọ́ kàn mí o, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìyá Wàsíù ló mú mi wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n fẹ̀yìn ti ògiri, ó wá wọn mí láti abẹ́ itan dé gìgísẹ̀. Ó ń ké ìwọ̀n náà láti inú, ọkọ rẹ̀ ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri níta. Ó wọn ẹsẹ̀ òsì. Ó wọn ọ̀tún. Ó tún ọ̀tún wọn. Ló bá ké sí ọkọ rẹ̀ pé, "Bàbá Wàsíù, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn fi ìbú ìka kan kúrú o." Ẹsẹ̀ tí sòbìà jẹ ni, Bàámi. Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, tí mo ń fi ẹsẹ̀ náà rìn lójoojúmọ́, mi ò mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá Wàsíù mú sípánà, ó ní òun fẹ́ yọ gàárì kẹ̀kẹ́ yín wò. Mo ní rárá. Ó gbé sípánà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Àǹtí, mi ò lè wọn tuntun fún yín tí mi ò bá mọ ohun tí èyí tẹ́ ẹ̀ ń gùn ti ṣe fún yín." Mo jókòó. Ìyá Wàsíù gbé omi wá fún mi. Mo wá ní kó yọ ọ́, mo sì yíjú sẹ́yìn nígbà tó ń ṣe é, torí mi ò fẹ́ rí i. Ó ti dì mọ́ra pátápátá. Kẹrosíìnì ló dà sí i, ó wá ń fi igi lù ú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí irin ìdí gàárì náà jáde, ó fi èkísà nù ún, ó pè mí.

Àmì méjì ló wà lára irin náà. Ọ̀kan wà níbi tí gbogbo wa mọ̀, ní etí ihò. Èkejì wà nísàlẹ̀ pátápátá, nínú lọ́hùn-ún tí ojú ẹnikẹ́ni ò lè tó, ó yí irin náà po, ó jin ju ti òkè lọ. Ó ní ibẹ̀ ni etí ihò ti di irin náà mú fún ọdún gbọọrọ, nígbà tí gàárì ṣì ga, kí wọ́n tó tì í wọlé. Ó fi ìka lé e, ìka mẹ́rin ló fi ga ju bí mo ṣe bá a lọ. Ó ní ẹni tó gbé gàárì sí ibi àkọ́kọ́ yẹn mọ ara rẹ̀, ó sì mọ kẹ̀kẹ́. Ó wá wò mí, ó bi mí pé, "Ta ni Bàbá máa ń gbé sẹ́yìn?"

Ó ní ẹni tó bá ń gbé ẹni tí kò lè fò sílẹ̀ ló ń gbé gàárì wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lè tẹlẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ dúró, kí kẹ̀kẹ́ má baà dà nù pẹ̀lú ẹni ẹ̀yìn. Ó ní ìrora rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Bàámi, mo sunkún lójú àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Èmi ni ẹ̀ ń gbé. Ọdún mẹ́ta gbáko, lọ sí ilé ìwé, bọ̀ láti ilé ìwé, ẹ fi ọ̀já Ìyá wa so mí mọ́ ara yín, ẹsẹ̀ mi tí a fi ewé dì nà gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rántí ẹ̀wù yín tó ń rùn ewé tábà. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń tẹ aago lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó yà sínú agbo ilé. Mo tún rántí pé tí a bá dé odò, ẹ máa ń dúró gbọin, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, èmi ò sì ronú rí pé nǹkan kan ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Kí ló dé tí ẹ ò sọ? Nígbà tí ẹsẹ̀ mi san, kí ló dé tí ẹ ò gbé e padà sókè? Ṣé ẹ gbàgbé ni? Àbí ẹ rò pé sòbìà lè tún padà wá, kí ẹ má baà wà láìmúra sílẹ̀?

Ó yà mí lẹ́nu títí di òní. Mo ń fi irin tí mi ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn bọ̀wọ̀ fún yín, inú irin yẹn gan-an ni ohun tí ẹ ṣe fún mi fara pamọ́ sí. Ká ní mo gbà fún Bùrọ̀dá Ràfíù lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá ti mọ̀ tipẹ́.

Ọjọ́ kejì ni Bàbá Wàsíù tó ṣe èyí tuntun fún mi. Ó ní kí n fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dà, kí ẹsẹ̀ mi nà gan-an. Ó ní kí n fi ìgúnpá kan imú gàárì, kó wo ibi tí ìka mi dé lápá ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ìyàwó rẹ̀ mú okùn tí àwọn bíríkìlà fi ń wo ògiri, tí irin wà nídìí rẹ̀, ó so ó kọ́ sí orúnkún mi kó lè wo bó ṣe bọ́ sórí pẹ́dà, gbogbo wa ń wò ó títí ó fi dúró. Bàbá Wàsíù gé táyà mọ́tò pélébé, ó dè é mọ́ pẹ́dà ọ̀tún, ní ìbú ìka kan gééré. Ó wá ní kí n máa lọ.

Mo gba ọ̀nà àárín àwọn igi ẹmì jáde. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wà níwájú, mo ti ń múra àtisọ̀ kalẹ̀. Kò pọn dandan, Bàámi. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ń tẹ̀ ẹ́ bákan náà, èyí tó kúrú àti èyí tó gùn, kò sí èyí tó ń bẹ ìkejì. Mo dé òkè, mo wo ẹ̀yìn, mi ò gbà pé èmi ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè, ọkùnrin kan tó ń kọ ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà sì dáhùn àmín. Mo ti dé gbogbo abà mi láti ìgbà yẹn, mo sì ń forí kanlẹ̀ kírun.

Kí n tó kúrò ní Ṣakí, mo ní kí Bàbá Wàsíù gbé gàárì yín padà sí àmì àkọ́kọ́. Nígbà tí mo délé, mo bẹ Bùrọ̀dá Ràfíù, mo fa kẹ̀kẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n máa fi lọ sóko. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá wa. Wọ́n ní àwọn rántí ọjọ́ tí ẹ gbé e wálẹ̀, àwọn tún fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ ti ń darúgbó, ẹ kàn rẹ́rìn-ín.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bùrọ̀dá Ràfíù gùn ún jáde. Èmi àti Ìyá wa dúró lójúde. Ẹ̀yìn wọn nà ṣánṣán, ẹsẹ̀ wọn ń lọ sókè sódò láìkánjú, kẹ̀kẹ́ náà ga lábẹ́ wọn. Ìyá wa fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ní bí ẹ ṣe máa ń wá sílé bàbá àwọn gan-an nìyẹn, nígbà tí ẹ ń fẹ́ àwọn sọ́nà.

Mi ò mọ̀ yín bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá tí mo mọ̀, orúnkún rẹ̀ ń gòkè dé àyà, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, mo sì rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá yín nìyẹn. Mo dúró wò yín lọ títí ẹ fi yà ní ọ̀nà oko. Mo ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ yín báyìí, Bàámi. Ẹ na ẹsẹ̀ yín.

Èmi ọmọ yín obìnrin, tí ì bá tún yàn yín ní bàbá bí wọ́n bá ní kó yàn.