Bàbá Mi Di Ẹṣin Ọmọ Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Aránṣọ ni mí.

Ní kékeré mi, tí bàbá mi bá ti wọlé, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Wọn ò gbé mi ṣeré rí. Títí dòní, tí oníbàárà bá kàn fajú ro, mo ti máa ń bẹ̀ ẹ́ kí n tó mọ ohun tí mo ṣe.

Bàbá yìí kan náà ló wá ń rákò kiri pálọ̀ mi, tí ọmọ mi ń gùn wọ́n bí ẹṣin.

Lánàá, ọmọ náà bi mí pé, “Mọ́mì, ṣé bàbá àgbà máa ń gbé ẹ̀yin náà báyìí?”

Bàbá dúró lórí orúnkún, wọ́n ń wojú mi.

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ọmọ ní, “Ẹ̀yin náà gbádùn o.”

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i: ṣé èèyàn lè máa jowú ọmọ tó fúnra ẹ̀ bí?